Ẹ́ńjìnnì Wo Ló Yẹ Ìdí Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́?

Inú yàrá kékeré wa ní Òpèbì la wà, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò sì ń ké lẹ́yìn ògiri bó ṣe máa ń ké. Ẹ bá wa fara dà á. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì náà la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀, kì í sì í ṣe ti mọ́tò. Outboard ni: ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa ń fi bóòtì dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi látìta, tí orí rẹ̀ wà lókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Ẹ ti rí i ní Ẹ̀bútè Èrò, ní Ìkòròdú, ní Makoko.

Ẹnì kan lè ní kí ló kan ará Òpèbì kan omi. Ẹ wo ìsàlẹ̀ afárá tó so Òpèbì mọ́ Ọjọ́ta. Odò Ìyá Aláro ló ń ṣàn níbẹ̀, ọ̀sà Èkó ló sì ń lọ. Omi ò jìnnà sí wa, go-slow ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ohùn tí ọ̀kan nínú yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló bí ètò yìí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fi ọkọ̀ asáré kan sílẹ̀ fún un: Glastron, ọkọ̀ fáìbà láti Amẹ́ríkà, ti àwọn ọdún 1970, tó gùn ní fíìtì 15. Ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìdí rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó ti rí tokunbo 150 hp kan tó fẹ́ gbé kọ́ ọ, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n rà á?"

Àbúrò mi, dúró ná.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ 150 yẹn ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo fíìmù James Bond tó jáde ní 1973, Live and Let Die, ẹ ti rí irú ọkọ̀ yìí. Èyí tó fò kọjá lórí ilẹ̀ ní Louisiana, Glastron GT-150 ni, Evinrude 135 hp ló wà ní ìdí rẹ̀, ó sì fò tó fíìtì 110. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré fíìmù ló ni ọkọ̀ yẹn. Wọ́n tún un ṣe nítorí ìfò kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó rí i ṣe. Ìwọ fẹ́ gbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí Tarkwa Bay, kí ẹ sì padà wálé láyọ̀.

Ọkọ̀ ló ń yan ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí. Àlàyé rẹ̀ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò. Láti ìparí 1972, òfin Amẹ́ríkà sọ pé ọkọ̀ tó bá ń lo outboard, tí kò gùn tó fíìtì 20, gbọ́dọ̀ ní pátákó kékeré kan lára tó ń sọ iye ènìyàn, ìwọ̀n ẹrù àti hp tó pọ̀ jù tó lè gbà. Tí pátákó yẹn bá ṣì wà lára ọkọ̀ rẹ, ọ̀rọ̀ ti parí: nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni kó o tẹ̀ lé. Tó bá ti já dànù, tàbí tó jẹ́ pé ọkọ̀ náà dàgbà ju òfin lọ, ọ̀nà tí òfin fi ń ṣírò rẹ̀ kò le. Fi gígùn ọkọ̀ sọ ìbú ìdí rẹ̀ di púpọ̀, ní fíìtì. Tí ohun tó jáde bá ju 52.5 lọ, tí sítíárìn ọkọ̀ wà níwájú, tí ìdí rẹ̀ sì ga tó íǹṣì 20, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kó o yọ 90 kúrò. Ká sọ pé ọkọ̀ gùn ní fíìtì 15, ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní 5.5. Ìyẹn jẹ́ 82.5. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 165. Yọ 90 kúrò, ó ku 75.

75 hp o. Kì í ṣe 150. Tí ìdí ọkọ̀ ò bá sì ga tó íǹṣì 20, ìṣirò mìíràn ni wọ́n ń lò, ọkọ̀ kan náà á sì bọ́ sí nǹkan bíi 45.

Kì í ṣe pé wọ́n ń fi ayé ni wá lára. Ìwúwo ni ìṣòro àkọ́kọ́. Mercury 150 hp olóríṣi four-stroke tí wọ́n ń tà báyìí wúwo tó kílò 206. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré, ó ṣì ku kílò mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ṣe àwọn ọkọ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì tó wà lọ́kàn wọn fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí èyí tó wúwo bá gùn ún, ìdí ọkọ̀ á rì, ihò tí omi ń gbà jáde á wá di ibi tí omi ń gbà wọlé. Ọjọ́ tó o bá dẹwọ́ lójijì, ìgbì tí ọkọ̀ rẹ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lè gba ẹ̀yìn bò ọ́. Ìṣòro kejì wà nínú eré. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ rí bíi lẹ́tà V, tó bá ti sá kọjá ibi tí wọ́n ṣe é mọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ sítíárìn á máa lé e, kò ní bá a. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dojú dé.

Kí ó tó kan ẹ́ńjìnnì pàápàá, ìdí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ògiri ẹ̀yìn tí wọ́n ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ dà bíi fáìbà lójú, ṣùgbọ́n pílíwúùdù ló wà nínú, fáìbà ló kàn bò ó bí aṣọ. Gbogbo ihò tí ẹnikẹ́ni ti lu sí i láti àádọ́ta ọdún wá, tí wọn ò dí dáadáa, omi ti ń gbà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Igi á máa jẹrà nínú, ìta á máa dán. Fi ẹ̀yìn òòlù kékeré lù ú káàkiri. Ibi tó le á dún gan-an, ibi tó ti jẹrà á dún bọ̀ọ̀, bí ẹni lu páálí tó rẹ. Tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kó o gbé e sókè sódò, kí ẹlòmíràn máa wo ògiri náà. Tó bá ń mì, tó ń tẹ̀, ó ti tán. Tí iyè méjì bá ṣì wà, lu ihò kékeré láti inú ọkọ̀, nítòsí ìsàlẹ̀, kó o wo lẹ́búlẹ́bú igi tó bá jáde. Tó bá gbẹ, tó mọ́, dúpẹ́. Tó bá dúdú, tó rẹ, ògiri yẹn gbọ́dọ̀ jáde, kí wọ́n fi tuntun sí i. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni ra ẹ́ńjìnnì kó tó ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹ́ńjìnnì tó bá já lójú eré yóò lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà, á sì mú ìdí ọkọ̀ dání.

Ó wá ku two-stroke tàbí four-stroke. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo "I Pass My Neighbour" rí, tí ẹ ń po ọ́ìlì mọ́ epo, ẹ ti mọ two-stroke. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, four-stroke nìyẹn. Bákan náà ló rí lójú omi. Two-stroke fúyẹ́, ó yára ta ọkọ̀ síwájú, mẹkáníìkì tó ń ṣe ọkọ̀ àwọn apẹja mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Àléébù rẹ̀ ni pé apá kan nínú epo ń bá èéfín jáde láìjó. Nígbà tí epo ṣì wà lábẹ́ ₦200, ẹ lè fi ṣeré. Ìgbà tí ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tó di ₦488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan, eré yẹn parí. Four-stroke kì í mu epo tó bẹ́ẹ̀, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń fẹ́ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Amẹ́ríkà, òfin èéfín tí wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ mú le láàárín 1998 sí 2006 ti lé two-stroke oníkaburétọ̀ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n ń tà. Yamaha ṣì ń ṣe Enduro, two-stroke rẹ̀, fún ilẹ̀ wa. Fún ọkọ̀ àtijọ́ tó fúyẹ́, tó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló máa ń jáde, two-stroke 60 tàbí 75 ni èmi máa gbé, màá sì gba owó epo bí ìyà tó tọ́ sí mi. Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ni, four-stroke tó kéré. Ẹ ṣọ́ra fún tokunbo Evinrude E-TEC. Ẹ́ńjìnnì gidi ni, àmọ́ BRP tó ni orúkọ náà dá iṣẹ́ dúró ní oṣù Karùn-ún 2020, ẹ ò sì fẹ́ máa wá páàtì rẹ̀ kiri. Ọ́ìlì tí ẹ máa pò, TC-W3 ni kẹ́ ẹ wò lára ike rẹ̀. Ti ọ̀kadà kọ́. Ìwé ẹ́ńjìnnì ló máa sọ ìwọ̀n. 50:1 ló wọ́pọ̀, ìyẹn lítà ọ́ìlì kan sí àádọ́ta lítà epo.

Tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e kọ́ dáadáa. Ẹsẹ̀ outboard máa ń wá ní gígùn íǹṣì 15, 20 tàbí 25, ó sì gbọ́dọ̀ bá gíga ìdí ọkọ̀ mu. Ẹ wo àwo pẹlẹbẹ tó wà lókè propẹ́là, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní cavitation plate. Ẹ mú u bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Àwọn tó ń sáré máa ń gbé e ga sí i, ihò bóòtì kan lẹ́ẹ̀kan, torí bí ẹsẹ̀ tó wà nínú omi bá ṣe kéré tó ni eré ṣe ń pọ̀ tó. Òótọ́ ni. Àmọ́ tó bá ga jù, propẹ́là á máa fa atẹ́gùn nígbà tó o bá ń yà, ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tútù á sì máa gbá afẹ́fẹ́. Nínú ìgbì tí àwọn ọkọ̀ èrò ń dá sílẹ̀ lábẹ́ Third Mainland Bridge, mi ò ní gbé e ga.

Propẹ́là ló kàn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Nọ́ńbà méjì ló wà lára rẹ̀. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní pitch, ń sọ iye íǹṣì tí ì bá fi lọ síwájú nínú ìyípo kan tó bá jẹ́ pé inú nǹkan líle ló ń wọ̀, bíi skru nínú igi. Ká sọ pé ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, gíyà rẹ̀ gé e sí méjì, propẹ́là ń yí nígbà 2,500. Tí pitch bá jẹ́ 17, ìyẹn jẹ́ íǹṣì 42,500 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi kìlómítà 65 ní wákàtí kan. Omi kì í ṣe igi, ó máa ń yọ̀. Ẹ yọ ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ máa rí 55 sí 58.

Ẹ fi aago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ yín. Láìsí i, àfọ̀mọ́ lẹ̀ ń ṣe. Ìwé ẹ́ńjìnnì á sọ ibi tó yẹ kó dé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, bíi 5,000 sí 5,500. Tí kò bá kọjá 4,600, pitch ti pọ̀ jù: bí ẹni ń fi gíyà kẹrin gun òkè ni, ẹ́ńjìnnì á máa jìyà, á sì gbóná. Íǹṣì kan máa ń yí i padà ní nǹkan bíi 150 sí 200, nítorí náà ẹ dín íǹṣì mẹ́ta kù. Tó bá kọjá 5,500, ẹ fi kún un. Wọ́n á sọ fún yín pé stainless ló ń sáré. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀sà tí gẹdú ń léfòó, aluminium lèmi máa fi sí i. Tó bá kọlu nǹkan, òun ló máa tẹ̀, kì í ṣe gíyà.

Omi wa náà ní ìwà tirẹ̀. Lásìkò òjò, ọ̀sà fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi odò. Lásìkò ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun á wọ̀ ọ́. Nítorí náà, irin kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì kí ìpẹtà lè jẹ òun dípò ẹ́ńjìnnì, ti aluminium ni kẹ́ ẹ rà, torí ó ń ṣiṣẹ́ nínú omi méjèèjì. Ẹ má kùn ún lọ́dà. Ìgbà òjò náà ni water hyacinth máa ń bo ojú omi, koríko tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Bàdágìrì ní 1984. Òun àti nọ́ọ̀lì pure water ló ń dí ihò omi tútù. Ẹ máa wo omi tín-ín-rín tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Tó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dé èbúté. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan inú rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù nígbà tí omi dákẹ́, ẹni méjì péré, jákẹ́ẹ̀tì ìgbẹ̀mílà lọ́rùn, torí LASWA kò gba àwíjàre lórí ìyẹn. Okùn pupa kan wà lára sítíárìn tàbí ẹ́ńjìnnì tó máa ń pa á tó bá já. Ẹ so ó mọ́ ọwọ́ tàbí jákẹ́ẹ̀tì awakọ̀. Tó bá ṣubú sómi, ẹ́ńjìnnì á kú, ọkọ̀ ò sì ní yí po padà wá bá a.

Tẹ́ ẹ bá ní irú ọkọ̀ yìí níbi kan, ẹ ya fọ́tò pátákó rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ẹ wọn ìbú rẹ̀ ní fíìtì, ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp wa. A máa ka mẹ́ta nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.