Ẹnà, Nọ́ńbà Àṣírí àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Nígbà tí mo bá sọ fún àwọn olùkọ́ pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ nípa ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kíláàsì, ìdáhùn méjì ni mo máa ń gbọ́. Èkíní ni pé kò sí kọ̀ǹpútà, iná mọ̀nàmọ́ná kò sì dúró. Èkejì, tí wọ́n máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ, ni pé bí a bá kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n olè, àfàìmọ̀ kí ó má di ọmọ Yahoo. N kò fojú tín-ín-rín èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kan náà ni ó ń ka iṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ àgbà tí kò mọ̀wé. Òun ni wọn yóò pè ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá tẹ̀ wọ́n láago pé kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nàìjíríà ṣe òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Ẹ̀yìn tí owó bá ti lọ ni òfin ń dé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnà, èyí tí Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ àpilẹ̀kọ lé lórí ní 1982. Ọmọ tí ó fẹ́ sọ pé “mo fẹ́ lọ” lè wí pé “mogo fẹ́gẹ́ lọgọ”. Kí olùkọ́ pín kíláàsì sí méjì, kí apá kan máa fi ẹnà ránṣẹ́, kí apá kejì máa tú u. Kò ní pẹ́ kí wọ́n tó já a, ẹni tí ó bá sì ti mọ ìlànà náà ti gbọ́ gbogbo ohun tí a óò fi sọ. Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ìlànà tí WhatsApp fi ń di ọ̀rọ̀ wà lójútáyé fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni àṣírí.

Ìṣirò náà kò gbẹ́yìn. Nọ́ńbà àṣírí ẹlẹ́yọ mẹ́rin lè jẹ́ oríṣi 10,000; ẹlẹ́yọ mẹ́fà, 1,000,000. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi ọdún tí a bí i ṣe é, 10,000 náà ti di nǹkan bí 100.

Olè kì í sábà méfò ṣá. Ó ń béèrè ni. Olùkọ́ obìnrin kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní kí ọmọ kan ṣe òṣìṣẹ́ báńkì, kí òmíràn ṣe ìyá àgbà. “Ìyá àgbà” ka nọ́ńbà náà tán pẹ̀lú “ẹ ṣé, sà”. Kò yà mí lẹ́nu: a ti kọ́ ọmọ pé kì í sọ “rárá” sí àgbà, ìtẹríba yìí sì ni olè ń jẹ. Nítorí náà, kíkọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni ó yẹ kí á fi kọ́ra. Ìyáàfin náà mú wọn tún eré náà ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọmọ náà wí pé, “Ẹ má bínú, sà, n ó pe báńkì fúnra mi,” ó sì pa fóònù.