Abẹ́ Ọkọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀rọ̀ òní wà fún ẹni tó ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn, títí dé Kétu, tó fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré tí yóò kan yàrá sí lẹ́yìn, kí òun àti ẹrù rẹ̀ lè máa sùn níbẹ̀. Owó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, owó ọdún pípẹ́ ni.

Ọ̀dà tó ń dán ni púpọ̀ nínú wa máa ń wò. Ohun tó gbé ọkọ̀ ró kò sí níta. Abẹ́ ló wà. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní ṣásí.

Ṣé ẹ rántí bọ́lẹ̀kájà? Ní Nàìjíríà, orí ṣásí Bedford tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn káfíńtà ti ń fi pákó kan ilé rẹ̀. Irin gígùn méjì, tí irin ìdábùú so pọ̀ bí àkàbà, ló ń ru ẹrù. Bí pákó bá jẹrà, wọn a tú u, wọn a kan òmíràn. Hilux ti Toyota ní irú irin bẹ́ẹ̀.

HiAce kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ ni wọ́n jó pọ̀ tí wọ́n jọ ń ru ẹrù, bí èèpo ẹyin. Ilé ti wà lórí rẹ̀, ẹ kò ní sanwó káfíńtà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà gé ẹ̀gbẹ́ tàbí òrùlé rẹ̀ ṣe fèrèsé ńlá. Egungun ló gé yẹn.

Ẹ tún bèèrè táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ilẹ̀ pupa Sakété kò le tó bẹ́ẹ̀; amọ̀ dúdú apá Issaba ni ẹjọ́ wà. Bí òjò bá rọ̀, a wú, a sì máa yọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú rẹ̀, bíi Fiat Ducato, bí ẹ bá di ẹrù sẹ́yìn rẹ̀, iwájú a fúyẹ́, táyà a máa yí lásán. Ní ti Hilux tàbí Mercedes 207, táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ẹrù yẹn gan-an ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Wàyí o, ìṣirò. Ẹ wo carte grise ọkọ̀ náà. PTAC ni ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ yọ PV, ìwọ̀n ọkọ̀ òfìfo, kúrò nínú rẹ̀. Bí PTAC bá jẹ́ 2.600 kílò, tí PV jẹ́ 1.600, 1.000 ló kù. Kì í ṣe ẹrù ọjà nìkan ló ni ín o! Bí yàrá bá wọn 400, tí ẹ̀yin àti awakọ̀ wọn 140, tí omi inú àgbá lítà 200 wọn 200, 260 kílò péré ló ṣẹ́ kù fún ọjà. Àpò àgbàdo 100 kílò méjì nìyẹn, pẹ̀lú agbọ̀n díẹ̀. Èmi ì bá fi kẹ́ẹ̀gì lítà 20 rọ́pò àgbá.

Ọkọ̀ onírin méjì ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tó fẹ́ kan yàrá. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wólẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi òòlù kékeré lu irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá dún bí agolo, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti jó irin mọ́ irin tí wọ́n sì fi ọ̀dà bò, ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.