Ọmọ Ilé-Ìwé Òkèèrè ní Ààfin Ìlọrin

Ní 1821, àwọn jagunjagun tí Mùsùlùmí wà nínú wọn kó ọmọdékùnrin kan, Àjàyí, lẹ́rú ní Òṣogùn. Ó bọ́ lóko ẹrú, ó kàwé ní Sàró. Ní 1826 ó tún kàwé ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1872, Àjàyí yìí kan náà, tí í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Crowther nígbà náà, dé ààfin Ẹ́míà Ìlọrin. Àwọn Mùsùlùmí bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ó fi sùúrù dáhùn láti inú Bíbélì, kò sì bú ẹ̀sìn wọn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ wa bá ti ilé-ìwé òkè òkun dé, ẹ jẹ́ kí a wò ó: ǹjẹ́ ó lè gbọ́ ti ẹlẹ́sìn mìíràn tán kí ó tó sọ tirẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.