Ká Tó Kó Kúrò ní Èkó

Owó ilé ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú kí ará Èkó ronú àtikó lọ síbòmíràn. Ẹni tó ń wá ilé titun kò ní san owó ilé nìkan. Owó ejẹ́ǹtì wà, owó àgírímẹ́ǹtì wà, owó kọ́ṣọ̀n sì wà lẹ́yìn wọn. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kò gba onílé láyè láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé titun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà yọ àwọn àdúgbò bí Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Síbẹ̀, owó ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé ń bèèrè, ayálégbé tó bá sì ní òun yóò lo òfin, ẹlòmíràn ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti owó lọ́wọ́. Kò dà bíi pé nǹkan yóò rọ̀ láìpẹ́. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ti Èkó ló kéré jù ní fífẹ̀, omi sì tún gba ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ojú ọ̀pọ̀ fi ń lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn: Mowé, Ìbafò, Ṣàgámù, Abẹ́òkúta.

Ìbéèrè tí wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé èló ni ilé níbẹ̀. Ó yẹ ká bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni iye ọjọ́ tí iṣẹ́ wa gbọ́dọ̀ fi rí wa ní Èkó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní Marina tàbí Ìkẹjà, kò tíì kúrò ní Èkó. Ibi tó ń sùn nìkan ló yí padà. Nítorí náà, èrò mi ni pé ìlú tó sún mọ́ Èkó jù lọ kọ́ ló dára jù fún ẹni tó ń kó lọ. Kí ènìyàn jókòó sí Èkó, tàbí kó lọ sí ìlú tó dá dúró, tó ní ọjà, ilé ìwòsàn àti iṣẹ́ tirẹ̀. Àárín méjèèjì ni ìyà pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹni kan ń lo wákàtí 2 láti Mowé dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, tó sì tún ń lo 2 láti padà sílé. Lọ́jọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 50, wákàtí 1,000 nìyẹn lọ́dún. Ó lé ní ọjọ́ 41, tọ̀sán-tòru, nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé n kò sọ àsọdùn: ọ̀nà yìí kan náà ni tírélà tó ń kẹ́rù láti Àpápá ń gbà, òun náà sì ni èrò Ìjọ Ìràpadà ń gbà lọ sí ìsìn wọn ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ wá fi owó ọkọ̀ kún un. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo bẹntiróòlù kò tó náírà 200 ní lítà kan. Láti ìgbà náà ló ti di ìlọ́po-ìlọ́po. Ohun tí ènìyàn rò pé òun fi pamọ́ lórí owó ilé, awakọ̀ ló ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni ti àwọn ọmọ. Òbí tó ń jáde kí ọmọ tó jí, tó ń wọlé lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, torí ọmọ yẹn kan náà ló ṣe ní òun ń wá ilé tó láyè.

Abẹ́òkúta kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830 kò di ìlú nítorí Èkó. Láti 1976 ló ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí náà iṣẹ́ ìjọba wà ní Òkè-Mọ́sàn. Yunifásítì ètò ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti 1988, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà, àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú sì ń tà fún oníbàárà tó ń ti òkèèrè wá. Ènìyàn lè lo odidi oṣù kan níbẹ̀ láìdé Èkó, kí ohunkóhun má sì wọ́n ọn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì pe ènìyàn sí Èkó, ojú irin wà. Láti 10 oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ti ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 157, ibùdókọ̀ rẹ̀ tó wà ní Láderin ní Abẹ́òkúta sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í rìn bíi dáńfó. Ìwọ̀nba ìgbà ló ń lọ lójúmọ́, ní àkókò tirẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń lọ rí oníbàárà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kò ṣeé gbára lé fún ẹni tó gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní aago 8 lójoojúmọ́.

Àwọn kan yóò ní owó oṣù Abẹ́òkúta kò tó ti Èkó, pé oníbàárà tó lówó lọ́wọ́ ò sì pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ejẹ́ǹtì tó ń kó ẹrù jáde ní èbúté Àpápá kò ní rí Àpápá ní Abẹ́òkúta; kó dúró síbi tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tó wọlé nìkan la ń kà, iye tó kù lọ́wọ́ nígbà tí oṣù bá parí ni. Nọ́ọ̀sì, tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó lè bèèrè tíráńsífà, télọ̀ tí oníbàárà rẹ̀ ń fi fóònù ránṣẹ́ sí, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé: owó tí wọ́n pàdánù lè máà tó èyí tí owó ilé àti owó ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á ní àwọn ti ra ilẹ̀ sí Mowé. Bí ìwé ilẹ̀ bá pé, tí ọmọ onílẹ̀ kò sì yọ ènìyàn lẹ́nu mọ́, kí wọ́n kọ́ ọ. Kò pọn dandan kí onílé fúnra rẹ̀ sùn níbẹ̀. Ó lè fi í gba owó lọ́wọ́ ayálégbé.

Ẹni tó bá pinnu àtilọ, kó kọ́kọ́ gba ilé ọdún kan, kó má tíì kọ́lé. Kó bi àwọn ará àdúgbò báńdì tí iná wọn wà, torí Band A ni ó yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, tí Band E sì jẹ́ wákàtí 4 péré, àdúgbò méjì nínú ìlú kan náà sì lè yàtọ̀. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà, nítorí náà kó wo kànga ilé náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó má wò ó nígbà òjò nìkan. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni òfin fún ní owó orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó kó lọ sí Ògùn, tó sì ń gba owó oṣù láti Èkó, ní láti kọ̀wé sí ọ́fíìsì rẹ̀ pé àdírẹ́sì òun ti yí padà. Bí kò bá kọ ọ́, Èkó lè máa gba owó orí rẹ̀ lọ nígbà tó jẹ́ pé títì tó bàjẹ́ níwájú ilé rẹ̀ ní Ògùn ló fẹ́ kí ìjọba tún ṣe.