Gìtá Oníná Olówó Pọ́ọ́kú fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ
Gìtá oníná olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe bíi ti àtijọ́ ló yẹ ọ̀dọ́ Aisegba-Ekiti tó fẹ́ máa ta jùjú tàbí orin ìjọ. Bí àpẹẹrẹ, ilé iṣẹ́ Fender gbé gìtá Stratocaster jáde ní 1954; orúkọ Squier ni wọ́n fi ń ta èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì bá jùjú mu, níbi tí gìtá mélòó kan ti ń dá ara wọn lóhùn. Àwọn kan ní kó fi èyí tí kò lo iná bẹ̀rẹ̀, torí iná ọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n okùn ti oníná máa ń rọ̀ sábẹ́ ìka jù bẹ́ẹ̀ lọ, sípíkà kékeré tó ń lo bátìrì sì wà. Kó ṣáà kọ́kọ́ wá ẹni tó máa bá a tún gíga okùn ṣe. Okùn tó ga jù ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ sá.