Orí Itan Àwọn Ará Hawaii Ni Gìtá Oníná Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí kò bá rí gìtá A-22 rí lè máa wò ó kó má mọ̀ pé gìtá ni. Alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà ni, láti orí dé ìdí. Ikùn rẹ̀ kéré, ó rí róbótó, kò ní ihò kankan. Ọrùn rẹ̀ gùn tín-ín-rín. Ìrísí yìí ló mú kí wọ́n sọ ọ́ ní páànù ìdínyin, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí di òní. Ènìyàn lè há a sí abíyá, kó fi ọwọ́ kejì gbé àpótí áńpílífáyà rẹ̀, kó sì wọ ọkọ̀ lọ sóde eré. Ọdún 1931 ni wọ́n fi igi gbẹ́ èyí tí wọ́n fi dán an wò ní Los Angeles. Nígbà tó di 1932, onírin ti wà lórí àtẹ. Òun ni gìtá oníná tó kọ́kọ́ rí ọjà tà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gìtá tí wọ́n ń fi okùn gbé kọ́ ọrùn. Orí itan ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, okùn rẹ̀ á kọjú sókè, ẹni tó ń ta á á máa fi ọwọ́ òsì yọ́ irin dídán kan lórí okùn, á sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún ta á. Bí àwọn ará Hawaii ṣe ń ta gìtá nìyẹn, kì í sì í ṣe kòńgẹ́. Bí kì í bá ṣe ohun tí orin Hawaii ń fẹ́, gìtá oníná kì bá tí dé nígbà tó dé àti lọ́nà tó gbà dé. Ìtàn tó bá ti orí jazz tàbí rock bẹ̀rẹ̀ ti yọ àwọn tó ni ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Àwọn darandaran láti Mexico wà lára àwọn tó gbé gìtá dé Hawaii láti nǹkan bí ọdún 1830 síwájú, àwọn ará ibẹ̀ sì tún okùn rẹ̀ fà bó ṣe bá orin tiwọn mu. Joseph Kekuku, tí wọ́n bí ní 1874 ní Lāʻie ní erékùṣù Oʻahu, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó sọ fífi irin yọ́ lórí okùn di ọgbọ́n orin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé. Pẹ̀lú irin yìí, ohùn kò fò láti orí kan bọ́ sí òmíràn mọ́; ńṣe ló ń yọ́ lọ, tó ń gbọ̀n, tó sì ń sún mọ́ ohùn akọrin. Àsìkò yẹn náà ni ilẹ̀ bọ́ mọ́ àwọn ará Hawaii lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1893, àwọn oníṣòwò tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà dúró tì lẹ́yìn lé Ọbabìnrin Liliʻuokalani kúrò lórí oyè. Ní 1896, òfin sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè iléèwé. Ní 1898, Amẹ́ríkà gba gbogbo erékùṣù náà mọ́ra. Ọ̀pọ̀ olórin ló di ẹrù wọn. Kekuku kúrò nílé ní 1904. New Jersey ló kú sí ní 1932, ọdún kan náà tí A-22 dé ọjà. Nígbà tí àfihàn àgbáyé wáyé ní San Francisco ní 1915, àwọn olórin Hawaii ló gba ọkàn èrò, rẹ́kọ́ọ̀dù wọn sì ń tà wàràwàrà jákèjádò Amẹ́ríkà.

Okìkí yẹn ló bí ìṣòro. Orin ti di ti gbọ̀ngán ńlá, ṣùgbọ́n ohùn gìtá kò ju ti inú iyàrá lọ; bí fèrè idẹ àti ìlù bá ti dún, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́. George Beauchamp, tí òun fúnra rẹ̀ ń ta gìtá orí itan lágbo eré, mọ ìnira yìí lára. Ní 1927, ilé-iṣẹ́ National, tí ó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, gbé gìtá onírin jáde, tó ní abọ́ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta nínú tó ń gbé ohùn sókè. Ó dára, àmọ́ kò tó. Ibẹ̀ ló ti yíjú sí òòfà. Lára A-22, òòfà ńlá méjì tó tẹ̀ kọdọrọ dojú kọ ara wọn, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì gba àárín wọn kọjá. Lábẹ́ okùn ni wáyà tín-ín-rín wà tí wọ́n wé léraléra. Bí okùn bá ti gbọ̀n, agbára òòfà á yí padà. Ìyípadà yẹn á bí iná kékeré sínú wáyà. Áńpílífáyà á sọ ọ́ di ńlá, sípíkà á sì sọ ọ́ di ohùn padà. Nítorí pé okùn ló ń ṣiṣẹ́ níbí, kò nídìí kí ikùn gìtá ṣófo mọ́. Ikùn tó ṣófo gan-an ló máa ń jẹ́ kí áńpílífáyà máa hu. Àléébù kan wà ṣá o: bí iná orí ìtàgé bá mú, alumíníọ̀mù á fẹ̀, okùn á sì kúrò lóhùn. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n fi ike Bakelite ṣe òmíràn ní 1935.

Ẹnìkan lè sọ pé Beauchamp àti Adolph Rickenbacker, tí ilé-iṣẹ́ wọn ṣe A-22, kì í ṣe ará Hawaii, nítorí náà tiwọn ni iṣẹ́ náà. Tiwọn ni iṣẹ́ ọwọ́ lóòótọ́. Àmọ́ wọn ò jókòó kí wọ́n kàn ṣàdédé ronú òòfà. Ohun tí àwọn tó ń ta gìtá Hawaii nílò ni wọ́n ń wá, àwọn yẹn náà ló sì ń rà á. Ẹlòmíràn lè rán wa létí pé ilé-iṣẹ́ kan ní Chicago ti kéde gìtá oníná ní 1928. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ara pákó gìtá lèyí ń gbọ́, kì í ṣe ara okùn, kò sì rìn jìnnà. Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ wà nínú ìtàn ìwé-ẹ̀rí àtinúdá tí Beauchamp béèrè fún ní 1934. Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń ṣiyèméjì bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìtàn ilé-iṣẹ́ tó ṣe A-22 sọ pé ṣe ni wọ́n rán àwọn atagìtá lọ sí Washington láti ta á lójú wọn. Sol Hoʻopiʻi wà lára wọn, ọmọ Honolulu tó sá pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi dé San Francisco ní 1919. Ní 1937, ìwé-ẹ̀rí náà jáde lórúkọ Beauchamp.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò jẹ́ ká lè pe ìbẹ̀rẹ̀ yìí ní ojú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Leo Fender, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ gìtá rock, gìtá orí itan àti áńpílífáyà ló kọ́kọ́ ń ṣe ní 1945, kó tó gbé gìtá àgbékọ́rùn rẹ̀ jáde ní 1950. Ẹni tó bá a ya àwòrán gìtá Stratocaster ti 1954 ni Freddie Tavares, ọmọ Maui, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú títa gìtá Hawaii.

Àtakò kan wà tó kan àwa ọmọ Áfíríkà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń na okùn kan ṣoṣo mọ́ ara igi, wọ́n ń fi ìgò yọ́ lórí rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti tọpa irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ dé Áfíríkà. Òótọ́ ni, kò sì yẹ ká fi dù wọ́n. Ṣùgbọ́n gìtá tí a tẹ́ sórí itan, tí a gbé okùn rẹ̀ sókè kúrò lára ọrùn, tí a sì ń fi irin yọ́, ọgbọ́n Hawaii ni, ọgbọ́n yìí ni wọ́n sì ṣe A-22 fún. Ẹ̀rí kan kò pa èkejì.

Ọ̀rọ̀ náà dé Èkó. Nígbà tí King Sunny Adé mú pedal steel wọ jùjú, tí Demola Adepoju ń ta á, ọ̀pọ̀ ló pè é ní gìtá country, nítorí irú orin tí Jim Reeves ń kọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Lóòótọ́, ọ̀nà ibẹ̀ ló gbà dé. Àmọ́ gìtá orí itan náà ni, tí wọ́n fún ní ẹsẹ̀ tó fi dúró, tí wọ́n sì so okùn rẹ̀ mọ́ ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn lè yí. Ní 1954, lẹ́yìn tí Bud Isaacs lò ó nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Webb Pierce kan, gbogbo Nashville, ìlú orin country, bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ohùn tó ń yọ́ lọ láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú àwo Jùjú Music ti 1982 ti rin ìrìn àjò láti Oʻahu gba Los Angeles àti Nashville kó tó kàn wá, ó sì yẹ kí àwọn oníròyìn orin wa máa dárúkọ Kekuku nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé ibi tó ti wá.