Kíkọ Ìbánisọ̀rọ̀ Orí Afẹ́fẹ́ Sílẹ̀

Ní ilẹ̀ Kabba, bí ènìyàn méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, "Okun o" ni wọn yóò fi kí ara wọn. Ìkíni yìí ni ó di orúkọ gbogbo wa, Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ ibi tí a ti wá kí a tó dárúkọ ara wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, àwọn tí ń fi rédíò bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn ni mo ń wí. Èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní amateur radio. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní rédíò aláfẹ́, nítorí pé ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é, a kì í fi wá owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Àjọ NCC ni ó ń fún ni ní Nàìjíríà. Orúkọ ìpè tirẹ̀ yóò wà nínú ìwé náà. 5N ni a fi ń mọ ti Nàìjíríà, 9G ni ti Gánà, TY ni ti Bẹ̀nẹ̀, 5V sì ni ti Tógò. Bí ẹni kan bá ti pe 5N, ayé ti mọ ilé rẹ̀.

Kí wá ni ìwúlò àkọsílẹ̀? Ẹ rántí àwọn ìyá wa tí ń ta ọjà àwìn. Èédú ni wọ́n fi ń fa ìlà sára ògiri, kí iye owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ má baà di àríyànjiyàn. Ìlà ara ògiri yẹn ni ẹ̀rí wọn. Ọ̀rọ̀ orí rédíò kò ní ògiri. Bí a bá ti sọ ọ́ tán, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Ohun tí a kọ nìkan ni ó kù.

Ìdí kejì tún wà. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìgbì rédíò tí ń lọ jìnnà, òkè ọ̀run ni ó ti ń padà bọ̀ wálẹ̀, níbi tí oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ di oníná. Agbára oòrùn náà sì ń pọ̀, ó ń dín, ní bí ọdún 11 sí ara wọn. Ẹni tí ó bá ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ yóò wá mọ wákàtí tí ọ̀nà Yúróòpù máa ń là àti èyí tí ti Amẹ́ríkà máa ń là.

Nígbà kan, ìwé ńlá ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lónìí, ètò kọ̀ǹpútà ti gbà á ṣe. Log4OM àti Logger32 wà fún kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows, CQRLOG sì wà fún èyí tí ń lo Linux; a kì í san owó lórí wọn. Báwo ni a ṣe ń tò wọ́n?

Èkíní, ẹ kọ orúkọ ìpè yín àti ibùdó yín sínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ yìí ti pín ayé sí ìpín kéékèèké. Inú JJ37 ni Kabba wà. Nàìjíríà wà ní ẹkùn 35 nínú ètò CQ, ó sì wà ní ẹkùn 46 nínú ètò ITU.

Èkejì ni àkókò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àkókò àgbáyé, UTC, ni a ń kọ, kì í ṣe àkókò ilé. Aago wa fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní aago 8 alẹ́ ní Kabba, 1900 ni ẹ óò kọ. Bí ó bá jẹ́ ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ọdún tuntun wọlé, 2330 ni, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún tí ó kọjá! Níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ máa yẹ aago kọ̀ǹpútà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi wáyà so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà bí rédíò náà bá gbà á. Ẹ yan irú rédíò náà nínú ètò, kí ẹ sì rí i pé iye ìyára tí ẹ yàn fún méjèèjì bá ara mu. Bí ẹ bá yí rédíò sí 14 MHz tí kọ̀ǹpútà sì fi mítà 20 hàn fúnra rẹ̀, ó ti jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ìbánisọ̀rọ̀ kan wò: orúkọ ìpè ẹnì kejì, ọjọ́, wákàtí, ìgbì, ọ̀nà tí a fi sọ̀rọ̀, àti bí ohùn ṣe dún sí. Ẹni tí ohùn rẹ̀ já gaara tí ó sì lágbára ni a ń fún ní 59.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa ṣe ẹ̀dà sórí ohun mìíràn. ADIF ni irú fáìlì tí gbogbo ètò wọ̀nyí lè kà. Bí a bá ṣí i, a óò rí irú èyí: <BAND:3>20m <MODE:3>SSB. Iye lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e ni 3 náà ń sọ. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, àkọsílẹ̀ kò ní bá a kú.

Ẹ má ṣe rò pé àṣejù ni gbogbo èyí. Ẹgbẹ́ ARRL ti Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ ní 2003, Logbook of The World, tí ń fi àkọsílẹ̀ ẹni méjì wé ara wọn. Bí àkókò wọn bá fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ jìnnà síra, kò ní gbà pé wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kọ aago Kabba dípò UTC ti fi wákàtí kan ṣìnà. Ẹni tí ó jí lóru ní Japan nítorí àtigbọ́ 5N kan yóò máa wo ojú ọ̀nà, ẹ̀rí kò ní dé. Yóò dà bí ẹni pé irọ́ ni ọ̀kan nínú wọn pa, bẹ́ẹ̀ òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

Orúkọ orílẹ̀-èdè wa ni ó ṣíwájú orúkọ ìpè wa. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ dáadáa, ilé ni ó bu ọlá fún. Ó dìgbà kan ná o. Okun o.